Ibi Tó Funfun Lára Àgbò

"Mùnírátù! Mùnírátù o! Fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀, wá wo nǹkan!"

Ohùn Sàlámì, bàbá rẹ̀, ni. Mùnírátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń de bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ni. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n so àgbò Iléyá mọ́ ìdí igi ìyeyè. Ohun tó rí níbẹ̀ mú un fọwọ́ bo ẹnu.

Àná ni àgbò náà ṣì ń kan ògiri káàkiri. Láàárọ̀ yìí, etí rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n sì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Ètè rẹ̀ ti la, ojú rẹ̀ ń ṣomi, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó sì ti ń hu èépá. Ó ń gbọn orí, ó ń ti ara rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń wá ibi tí oòrùn kò ti ní rí i.

"Kí lèyí?" Sàlámì béèrè. "Kí ló ṣe àgbò mi?"

Kì í ṣe àgbò lásán. Ọdún tó kọjá ni bàbá Sàlámì kú, Iléyá tó ń bọ̀ yìí sì ni àkọ́kọ́ tí Sàlámì fúnra rẹ̀ máa dúró gẹ́gẹ́ bí olórí ilé tí yóò dú ẹran. Láti kékeré ló ti ń sin àgbò náà. Àwọ̀ méjì ló ní: ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, orí àti ìhà rẹ̀ funfun, dúdú sì yí ojú rẹ̀ kan po bí ìgbà tí ọmọdé fi èédú ṣeré. Kò sẹ́ni tó wọ agboolé yẹn ní Igbó-Ọrà tí Sàlámì kì í fa lọ́wọ́ lọ wò ó. Ọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ pé ẹran aláàrẹ tàbí ẹran tó lábùkù kò ṣeé dú fún Iléyá.

Kí a tó pajú pẹ́, ẹ̀yìnkùlé ti kún. Baálé agboolé dé, àwọn ìyàwó ilé dé, Màmá Àkíbù tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn náà dé. Hàlímọ̀ ni orúkọ obìnrin yìí, opó ni, ọmọ rẹ̀ Àkíbù sì ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn. Gbogbo wọn wo àgbò títí, wọ́n wá yíjú sí Mùnírátù.

"Dókítà Ẹran," Baálé wí, "ọ̀rọ̀ tìẹ rèé o."

Orúkọ tí wọ́n ń pè é láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Ọdún kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí là ń sọ yìí, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní ilé-ìwé gíga kò sì pọ̀ ní àdúgbò wọn. Mùnírátù ló gba ipò kìíní nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀sìn, inú bàbá rẹ̀ sì dùn débi pé ó fún un ní abo àgùntàn kékeré kan kó máa sìn ín bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ewúrẹ́ Baálé ní àpá roboto kan lára, Mùnírátù wò ó, ó ní làpálàpá ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ká má purọ́, orí ọmọ náà ti ń wú díẹ̀.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Adéníran, olùkọ́ wọn, kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìtún un sọ nínú ọgbà ẹran ilé-ìwé. "Ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ yí ẹran náà po, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ awọ ni, àbí ó le kókó? Ṣé omi wà nínú rẹ̀, àbí èépá gbígbẹ ni? Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí egbò yẹn dáadáa. Ibo ló dúró sí? Kí ló dá a dúró níbẹ̀? Ìgbà tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán ni kí ẹ tó sọ fún mi ohun tó ń jẹ́."

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé, Ìbílọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń súfèé lójúde, gbogbo ojú sì wà lára rẹ̀. Kí Dókítà Ẹran wá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Ó dúró lókèèrè, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Èkúrú ni."

"Èkúrú!" Àwọn obìnrin figbe ta.

"Ó sì ń ràn. Ara ẹran mìíràn ló ti kó o."

"Ẹran wo?" Sàlámì béèrè.

Abo àgùntàn Màmá Àkíbù ló dúró sí ìtòsí, lẹ́bàá ògiri. Dúdú ni láti orí dé ìrù, kò ní àmì kankan. Ọjà Tápà ni opó náà ti rà á, kò tíì pẹ́, ó sì ti lóyún. Mùnírátù rí èépá kékeré kan ní etí rẹ̀. Ó nàka sí i.

"Ẹ wo etí ìyẹn náà."

"Eégbọn ló jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọmọ mi," Màmá Àkíbù sọ kíákíá. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ọ́. Sún mọ́ ọn, fọwọ́ kàn án."

Mùnírátù kò sún mọ́ ọn. "Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Màmá," ló wí, ó gbé àpò ìwé rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó dé láti ilé-ìwé, ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ jù. Okùn tí wọ́n fi ń so àgùntàn dúdú wà nílẹ̀, kò sí ẹran lẹ́nu rẹ̀. Èéfín tín-ín-rín ń rú láti ẹ̀yìn ààtàn.

"Àgùntàn Màmá Àkíbù dà?" ló bi ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bẹ. "Wọ́n ti pa á. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n sun ún, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀."

"Pa á kẹ̀? Ta ló ní kí wọ́n pa á?"

"Ìwọ kọ́ lo ní ó ń ràn? Ilé wo ni wọn ò so àgbò Iléyá sí nínú agboolé yìí? Baálé ní àwọn ò lè torí àgùntàn kan kí gbogbo ilé má rí ẹran dú. Obìnrin yẹn bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó bí ná. Wọ́n ní ohun tó máa bí náà á ní in."

Mùnírátù wo èéfín náà. Ó ti rò pé wọ́n á kàn lọ so ó sí oko ni, tàbí kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé òótọ́ lòun sọ, pé bí ẹran kan kò bá lọ, ọ̀pọ̀ ni yóò lọ. Ó di ìdì ewé tó rù bọ̀ láti ilé-ìwé mú, ó lọ kó o síwájú àgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ewé yìí. Iṣẹ́ Mùnírátù ni láti máa lọ sí etí odò ní ìrọ̀lẹ́ kó gé koríko tútù fún àgbò. Ọ̀nà náà jìn, ọyẹ́ sì ti gbẹ gbogbo igbó. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé fún táàmù tuntun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gé òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí ilé-ìwé ká, òdòdó tí pupa àti ìyeyè rẹ̀ máa ń wà lórí kan náà, tí ewé rẹ̀ ń ta sánsán sí imú. Ewé gígé náà ga bí òkìtì lẹ́yìn kíláàsì, ó tutù yọ̀yọ̀. Ìbílọlá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé, "Kí ló ń gbé ẹ lọ sódò? Ewé rèé." Àgbò kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń yíjú. Mùnírátù wọ́n omi iyọ̀ sí i, kò sì fún un ní nǹkan mìíràn. Ebi ló mú ẹran náà jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà, Mùnírátù kò dé odò mọ́. Abẹ́ igi mángòrò ilé-ìwé lòun àti Ìbílọlá máa ń jókòó sí tí wọ́n á máa ṣàwàdà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá rẹ̀ rò pé odò ló ń lọ. Kò bi í, òun náà kò sì sọ.

Àánú àgbò ṣe é ní ọjọ́ náà, ó sì fi ewé kún ewé.

Ṣùgbọ́n ara àgbò kò balẹ̀. Àgùntàn tí wọ́n ní ó kó o ràn án ti di eérú, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni tirẹ̀ ń le sí i. Awọ etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ohun tó wá ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé kò sí ẹran mìíràn tó mú un. Àgbò Baálé, tó funfun báláú, tí wọ́n so mọ́ igi kan náà, ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán.

Láàárọ̀ Sátidé, Mùnírátù dá jókòó ti àgbò náà. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó bu omi, ó mú aṣọ rírọ̀, ó kúnlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fún àìsàn náà lórúkọ, ó fọwọ́ kan ẹran náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí. Èépá le, awọ abẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ó tẹ̀lé e wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tẹ̀lé e dé ibi tí dúdú yí ojú kan po. Ó dúró lójijì. Ó tún un fọwọ́ pa. Egbò náà parí síbẹ̀ gẹ́ẹ́, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Níbi tí irun dúdú ti bẹ̀rẹ̀, awọ dán, ó rọ̀, kò ní nǹkan kan.

Ó yí ẹran náà po. Ìhà tó funfun ti sán, ó ń bó. Ẹ̀yìn tó dúdú, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wo abẹ́ ikùn: funfun ni, ṣùgbọ́n oòrùn kì í débẹ̀, kò sì sí egbò níbẹ̀.

*Ibo ló dúró sí? Kí ló dá a dúró níbẹ̀?*

Kòkòrò èkúrú kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Bó bá jẹ́ èkúrú ni, ì bá ti rìn kọjá ibẹ̀ lọ. Èyí kì í ṣe èkúrú. Kò sì fìgbà kan jẹ́ èkúrú. Àgùntàn Màmá Àkíbù, tó dúdú láti orí dé ìrù, kò ní àìsàn kankan. Eégbọn ló jẹ ẹ́ létí.

Mùnírátù pariwo, kò sì mọ̀ pé òun pariwo. Ó dìde, ó sáré jáde láìwọ bàtà, ó di ilé Ọ̀gbẹ́ni Adéníran nínú ọgbà ilé-ìwé. Ó bá Ìbílọlá níbẹ̀ tó wá bá ìyàwó olùkọ́ pọn omi. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ro gbogbo ohun tó rí.

Olùkọ́ gbọ́ ọ títí ó fi parí. "O wò ó dáadáa lónìí," ló wí. "Ó ku ìbéèrè kan tí o kò tíì béèrè. Kí ni àgbò náà ń jẹ?"

"Koríko ni, sà."

"Koríko wo?"

Mùnírátù la ẹnu, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ọgbà òdòdó tó wà níwájú ilé olùkọ́, pupa àti ìyeyè lórí kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Adéníran tẹ̀lé ojú rẹ̀, òun náà wo òdòdó, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ewé yẹn ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́," ó sọ jẹ́jẹ́. "Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, oòrùn á máa jó awọ rẹ̀. Ibi tó dúdú ní ohun tó ń dáàbò bò ó. Ibi tó funfun ló ń jóná. Ta ló ń fún un jẹ?"

"Èmi ni, sà." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Èmi ni mo fún un. Èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n pa àgùntàn ẹlòmíràn."

Olùkọ́ sọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó má fún un ní ewé náà mọ́, kó gbé e kúrò nínú oòrùn pátápátá, kó máa fún un ní omi púpọ̀, kó fi òrí pa egbò rẹ̀. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní Èrúwà. "Ní ti ìyókù," ó wí, "ẹnu tìẹ ló máa sọ ọ́. Èmi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Ìbílọlá sìn ín sọ́nà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dé ilé, ó fà á láṣọ. "Ṣé orí ẹ pé ni? Má sọ nǹkan kan. Àgùntàn ti kú, bó o bá sọ ọ́, kò ní jí. Ṣáà sọ pé olùkọ́ fún ẹ ní oògùn èkúrú. Tí àgbò bá san, wọ́n tún máa yìn ẹ́."

Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀nà tó kù ló fi ń tún irọ́ náà ṣe nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ti dán mọ́rán nígbà tó fi wọ agboolé.

Màmá Àkíbù ló kọ́kọ́ pàdé. Opó náà gbé igbá èèpo ẹ̀gẹ́ dání, èyí tó sá sóòrùn dáadáa. "Mùnírátù, káàbọ̀," ó wí. "Gbà, gbé e fún àgbò bàbá rẹ. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí àgùntàn mi bá bí. Èmi ò ní ẹran tó máa jẹ ẹ́ mọ́."

Mùnírátù na ọwọ́ láti gba igbá náà, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó gbàgbé pé ìkúnlẹ̀ ni tirẹ̀, ẹkún sì bú jáde.

"Màmá, àgùntàn yín ò ní nǹkan kan! Kò ní nǹkan kan, Màmá! Èmi ni!"

Ẹkún náà ló pe gbogbo ilé jáde. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn: ewé ọgbà, omi iyọ̀, odò tí kò lọ, èkúrú tí kì í ṣe èkúrú. Ó mú wọn lọ sídìí àgbò, ó fi ibi tí egbò ti parí hàn wọ́n. Ojú tó wò ó kò lè sọ pé òun kò rí i. Baálé ṣí fìlà lórí, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Sàlámì bàbá rẹ̀ kò na ọwọ́ sí i, kò sì bú u. Ó kàn jókòó sórí òkúta tó wà níbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyẹn dun Mùnírátù ju pàṣán lọ.

Màmá Àkíbù dúró, igbá èèpo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Mo ní kó o fọwọ́ kàn án," ó wí. "Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o fọwọ́ kàn án."

Ó yí padà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Iléyá, Sàlámì wọ aṣọ rẹ̀ lọ sí Yídì, ó sì padà wá jókòó sójúde láìní ẹran tó máa dú. Àwọn ará ilé gbé ẹran wá fún wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Mùnírátù kò lè jẹ nínú rẹ̀. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, àgbò ń jẹ koríko etí odò díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń gbádùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan ti já.

Ọjọ́ kejì ọdún ni Mùnírátù fa abo àgùntàn kékeré tí bàbá rẹ̀ fún un, ó kan ilẹ̀kùn Màmá Àkíbù, ó kúnlẹ̀. "Kò tó ti yín, Màmá. Òun nìkan ni mo ní."

Obìnrin náà wo ẹran, ó wo ọmọ. "Mo gbà á," ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa máa gé koríko rẹ̀. Odò ni o."

"Odò ni, Màmá."

Kò pa ìrọ̀lẹ́ kankan jẹ. Ìbílọlá bá a lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọ̀nà ti jìn jù, kò sì lọ mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀, koríko hù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará ilé tún pé jọ sẹ́yìnkùlé. Nǹkan kan ti yọ sí ẹnu àgùntàn Màmá Àkíbù. Baálé pe Mùnírátù. "Dókítà Ẹran, kí ni?"

Aṣọ ilé-ìwé wà lọ́rùn rẹ̀, agogo ilé-ìwé sì ti ń lù lókèèrè. Ó gbé àpò ìwé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó wò ó. Ó fọwọ́ kàn án. Ó la ẹnu ẹran náà, ó yí i po, ó wo etí rẹ̀, ó wo pátákò rẹ̀. Ó bi Màmá Àkíbù ní ìgbà tó ti rí i àti ohun tó jẹ lánàá. Ọmọdé ti ń ráhùn pé ó ti pẹ́ jù.

Ó ti wá yé Mùnírátù báyìí, ó sì yẹ kó yé gbogbo ọmọ tí wọ́n ń yìn fún ìmọ̀: ọ̀rọ̀ tí a fi ìkánjú sọ láti gba ìyìn lè gba ohun ìní ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún kò sì ní dá a padà.

Ó gbójú sókè sí Baálé. "Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, bàbá," ó wí. "Mo máa lọ pe olùkọ́ wa wá, ká jọ wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan kí n tó dé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. "Dókítà tí kò mọ̀!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Màmá Àkíbù wí. Ó tẹ̀ba, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún ọmọ náà. "Ó ti fọwọ́ kàn án."